Ṣé Ọ̀dàlẹ̀ Ni Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ fún Ilé-iṣẹ́ Géèmù Méjì Tó Ń Bára Wọn Díje?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi láti Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣàgámù, àwọn tó mọ àwòrán yà tàbí tó mọ ìtàn kọ, tí wọ́n ń rí iṣẹ́ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù orí tábìlì nílẹ̀ òkèèrè. Ọmọ á gba iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lóṣù yìí, á gba ti òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, oníbàárà kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Òbí á gbọ́, á ní ṣé irú ìwà yìí dáa, kéèyàn máa bá ẹni méjì tó ń jà jẹun? Ọmọ fúnra rẹ̀ á máa bẹ̀rù, á máa fi orúkọ ẹnì kan pamọ́ fún ẹnì kejì bí ẹni tó jí nǹkan.

Kí n má fi bọpo bọyọ̀: kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pé òun ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, àfi bó bá ti fọwọ́ sí i pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ wọ́n ni kó pa àṣírí wọn mọ́, kó má sì gbé ohun tí wọ́n ti rà lọ tà fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, nítorí àṣírí kì í fìgbà gbogbo rí bí àṣírí, ohun tí èèyàn sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè má jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Fún ẹni tí kò mọ irú géèmù tí mò ń sọ, kì í ṣe ti orí fóònù. Èyí tí àwọn èèyàn ń jókòó yí ká ni. Ludo, Whot àti Scrabble wà lára wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lo òǹkọ̀wé àti ayàwòrán jù lọ ni géèmù ìtàn: ẹnì kan á máa pa ìtàn ìlú kan, àwọn yòókù á máa ṣe bí ẹni tó wà nínú ìtàn náà, dáìsì tí wọ́n bá jù ni yóò sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Dungeons & Dragons ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ dé ọjà lọ́dún 1974. Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ TSR ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Wizards of the Coast ra TSR ní 1997, Hasbro náà sì wá ra Wizards ní 1999. Ìwé ni ọjà wọn: ìwé òfin géèmù, ìwé ìtàn, ìwé àwọn ẹ̀dá abàmì, pẹ̀lú máàpù àti àwòrán nínú gbogbo rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù kì í pọ̀ nílé-iṣẹ́ báyìí. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ló ń kọ apá tó pọ̀ nínú ìwé, àwọn ló ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì wà káàkiri ayé. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún òǹkọ̀wé, iye àwòrán fún ayàwòrán. Ẹ jẹ́ ká ní sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń san lórí ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ 3,000 fún ọmọ yín kọ. Dọ́là 150 nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí kì í sanwó títí ìwé á fi jáde, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí fún un pé wọ́n á tún pè é. Bẹ́ẹ̀ iná ń bẹ láti san, dátà ń bẹ láti rà. Ẹni tó bá ní kí irú ọmọ yìí dúró ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ebi ló ní kó máa pa á nítorí ìṣòótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ni iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Paizo, tó ti ń bá Wizards díje láti ọjọ́ pípẹ́. Ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi dúró ni títẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon pẹ̀lú àṣẹ tí Wizards fún wọn. Nígbà tí àṣẹ náà parí ní 2007, wọ́n dáwọ́ lé géèmù tiwọn, Pathfinder, ìwé òfin rẹ̀ sì jáde ní 2009. Orí òfin Dungeons & Dragons gan-an ni wọ́n kọ́ ọ lé, kò sì lòdì sí òfin ìjọba, torí Wizards fúnra wọn ti fi ìwé àṣẹ Open Game License ṣí òfin géèmù yẹn sílẹ̀ fún aráyé ní 2000. Òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó ti ṣe iṣẹ́ fún méjèèjì pọ̀, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé tọ̀tún tòsì, kedere, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ní Jámánì, Reiner Knizia, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, ti ṣe géèmù tó ju 600 lọ fún oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ tó ń du ọjà kan náà. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe géèmù nílẹ̀ yẹn ti fẹnu kò ní 1988 pé àwọn ò ní gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí kò bá kọ orúkọ àwọn sójú páálí géèmù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lójú páálí kò lè fi pamọ́ pé òun ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, kò sì sídìí tó fi yẹ kó fi pamọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ìjẹ̀bú ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí Ojúde Ọba. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, regbéregbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, á jáde síwájú ààfin Awùjalẹ̀ nínú aṣọ tó yàn, ẹwà sì ni wọ́n fi ń díje. Aránṣọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè máa rán aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ́dún kan náà. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Bó bá mọ iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ yẹn á tún máa júwe rẹ̀ fún ara wọn ni. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì wọ ṣọ́ọ̀bù, tó rí ọrùn agbádá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ, tó ní, "Ẹ bá wa ṣe irú èyí gan-an," tí aránṣọ sì ní kò burú. Ó ti bà á jẹ́. Ká ní ó ya fọ́tò léèsì tí ẹgbẹ́ kan ò tíì gbé jáde, tó gbé e sí status WhatsApp rẹ̀ kí aráyé lè mọ̀ pé òun lọ́jà. Ó ti bà á jẹ́ náà nìyẹn, bí kò tiẹ̀ ní ibi lọ́kàn. Ká sì ní ó gba owó gbogbo wọn, tí ilẹ̀ Ojúde Ọba wá mọ́ tí bùbá ẹgbẹ́ kan kò tíì ní apá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe pé ó ránṣọ fún ẹgbẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ni ẹ̀sùn rẹ̀. Ọ̀nà tó sì gbà ń to iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá, ojú tó fi ń wo aṣọ tó fi mọ ibi tí yóò ti fún, tirẹ̀ ni. Bó bá ti ara aṣọ ẹgbẹ́ kan mọ̀ ọ́n sí i, kò sẹ́ni tó lè ní kó gbàgbé rẹ̀ kó tó rán ti ẹgbẹ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti ta àkókò rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa bá abánidíje ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóru. Agbaṣẹ́ṣe kò ta àkókò. Iṣẹ́ kan pàtó ló tà, tí iṣẹ́ yẹn bá sì ti parí, kálukú ti gba tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kí ilé-iṣẹ́ tó fi ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀ han agbaṣẹ́ṣe, wọ́n á ní kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àṣírí, èyí tí wọ́n ń pè ní NDA. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé ohun tí a bá fi hàn ọ́, má sọ ọ́ títí a ó fi kéde rẹ̀: àkọlé ìwé, ọjọ́ tó máa jáde, ìtàn inú rẹ̀, iye tí wọ́n fẹ́ tà á, nígbà mìíràn wíwà tí ìwé náà tiẹ̀ wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, ohun tí wọ́n kéde kì í ṣe àṣírí mọ́. Ìyókù ṣì jẹ́ àṣírí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó fẹ́ ṣe ibi nìkan ló ń tú àṣírí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo ti rí máàpù ìlú kan, tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń ṣe é, lójú kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó wà láàárín ìwé projẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lókè rẹ̀, gbogbo ẹnubodè ìlú náà ló ní orúkọ. Ẹnì kan ló wá tẹ̀ ẹ́ síta nígbà tí kò síná nílé rẹ̀, ó gba ìwé rẹ̀, ó sanwó, ó sì fi fáìlì sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa dárí ìyẹn jì nítorí pé NEPA ló fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ayàwòrán tó gbé àwòrán tuntun sórí Instagram lálẹ́ ọjọ́ tó parí rẹ̀. Àwòrán yẹn lẹ́wà lóòótọ́, òun náà sì fẹ́ kí wọ́n rí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ṣí ọjà lóṣù mẹ́jọ sí i ló tú síta yẹn. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí ẹ lè gbé e jáde, kí ẹ sì dúró. Ẹ má sì gbé fáìlì oníbàárà sínú àwọn ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn tún èdè ṣe láìgba àṣẹ, torí ẹ ò mọ ibi tó ń gbà.

Ìgbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ kejì fúnra wọn ni yóò máa fi ẹ̀rín wá àṣírí lẹ́nu yín. Olóòtú á bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa, á wá ní, "Ẹ tiẹ̀ gbọ́, kí làwọn tibẹ̀ yẹn ń gbèrò fún ọdún tó ń bọ̀?" Bó bá ṣe ẹni tó ju yín lọ ni, ó lè nira láti kọ̀ fún un. Ẹ dá a lóhùn pé: "Ẹ má bínú, ọ̀gá, mi ò lè sọ tiwọn, gẹ́gẹ́ bí mi ò ṣe ní sọ tiyín fún wọn." Èmi ò tíì rí olóòtú gidi tí ìdáhùn yìí bí nínú. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ti ẹlòmíràn fún òun, yóò sọ ti òun náà fún ẹlòmíràn.

Èyí tó le jù rèé. Ẹ ti kọ ìwé fún ilé-iṣẹ́ kan nípa ọbabìnrin kan tó mọ odi yí ìlú rẹ̀ ká. Ìwé náà ò tíì jáde. Ilé-iṣẹ́ kejì, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wá kọ̀wé sí yín pé àwọn fẹ́ kí ẹ kọ ìtàn kan fáwọn: ọbabìnrin, odi, ìlú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí máa fẹ́ ṣe ni kí wọ́n sọ òótọ́: "Mi ò lè gbà á, torí àwọn kan ti ní kí n ṣe irú rẹ̀." Òótọ́ yẹn gan-an ló tú àṣírí. Olóòtú tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, bó bá sì mọ àwọn tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́ mọ ẹni tó ni ín. Kíkọ̀ pàápàá lè jẹ́ òfófó. Ẹ kàn sọ pé, "Ẹ ṣeun, mi ò lè gba iṣẹ́ yìí lásìkò yìí," kí ẹ má fi ìdí kankan kún un. Bí ẹ bá sì nílò owó náà gidi, ẹ padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gba iṣẹ́ tó sún mọ́ tiwọn, láìdárúkọ ẹni tó fẹ́ gbé e fún yín. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kò sí wàhálà. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró títí tiwọn á fi jáde.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Erédò Sùngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, yàrà àti òkìtì ilẹ̀ tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tí àwọn ibì kan wà tó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Bilikísù Sùngbọ́, tí àwọn èèyàn ń lọ ṣàbẹ̀wò sí ojúbọ rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì, ni ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ti mú èyí kọ ìlú kan fún ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó ní "work made for hire" nínú. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Amẹ́ríkà tọdún 1976, bí iṣẹ́ bá bọ́ sí abẹ́ gbólóhùn yẹn, wọ́n gbà pé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ló ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ yín ò kàn án rí. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, gbà pé agbaṣẹ́ṣe tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín, àyàfi tí wọ́n bá kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé àdéhùn. Ìyẹn ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ ka ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó fọwọ́ sí i ti ta nǹkan rẹ̀, kò sì lè tún un tà.

Kí wá ni ẹ tà? Gbólóhùn tí ẹ kọ, orúkọ tí ẹ sọ ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, máàpù tí ẹ yà, arúgbó onílẹ̀kùn tí ẹ dá sílẹ̀ tó ń bi àlejò ní àlọ́ kó tó jẹ́ kó wọlé. Gbogbo ìyẹn ti di tiwọn. Ohun tí ẹ ò tà, tí ẹ ò tiẹ̀ lè tà, ni Erédò fúnra rẹ̀, ìtàn tí gbogbo Òkè-Ẹ̀rì mọ̀, àti èrò pé ọbabìnrin kan lè ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú òun ká. Òfin kì í dáàbò bo èrò lásán, bí èèyàn ṣe gbé èrò náà kalẹ̀ ló ń dáàbò bò. Òfin géèmù náà rí bẹ́ẹ̀: jíju dáìsì ogún-ojú kan kẹ́ ẹ sì fi òǹkà agbára yín kún un kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ àdàkọ ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ tiwọn. Ti Dungeons & Dragons tilẹ̀ ti rọrùn sí i láti January 2023, nígbà tí ariwo sọ lórí ìwé àṣẹ Open Game License àtijọ́ yẹn, tí Wizards sì gbé ìwé ìpìlẹ̀ òfin wọn sábẹ́ àṣẹ Creative Commons. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó fún ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú báyìí, bó bá ṣáà ti dárúkọ ibi tó ti mú un.

Nítorí náà, bí ìwé ti àkọ́kọ́ bá ti jáde, ẹ lè kọ odi mìíràn fún ilé-iṣẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ ti fáìlì ti àkọ́kọ́ pa. Ẹ gba ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rì lọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ wo bí ewé ṣe bo ògiri yàrà yẹn tó tutù lọ́sàn-án gangan, ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé tí ohunkóhun kò sí lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ tèmi wò nìyí: bí mo bá gbé iṣẹ́ kejì síwájú olóòtú ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, ṣé á rí ohun tó rà lọ́wọ́ mi nínú rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé á kàn sọ pé, "Ọwọ́ lágbájá ni èyí," kò sí wàhálà. Ọwọ́ yín lẹ ni ín. Bó bá jẹ́ pé á ní, "Onílẹ̀kùn wa nìyí, orúkọ ló yí padà," ẹ tún un kọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ohun kan tó ń dùn mí. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣe ń wá àṣà ilẹ̀ Áfíríkà fún géèmù wọn, àwọn ọmọ wa kan ń fẹ́ gbé ohun gbogbo fún wọn. Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ń jó lójú ọ̀nà lọ́dọọdún, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa ọdún yẹn kò ṣe é fi pamọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn awo rẹ̀ ń pa mọ́, èyí tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn, kì í ṣe tiwa láti tà fún ilé-iṣẹ́ kìíní tàbí fún èkejì. Kò sí ìwé àdéhùn tó lè fún wa ní àṣẹ tí àwọn tó ni ín kò fún wa.

Àbá tí wọ́n kọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ojú-ìwé kan nípa géèmù tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Tiyín ni, ẹ gbé e lọ síbòmíràn láìwojú ẹnikẹ́ni. Àyàfi bí olóòtú wọn bá ti bá yín tún un ṣe kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Ohun tó fi kún un jẹ́ tirẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ohun tó sì gba sùúrù jù ni pé kẹ́ ẹ má fi àbá kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ fún wọn, torí bí àwọn méjèèjì bá ní àwọn fẹ́, ẹnì kan á rí i pé ẹ ti fi àkókò òun ṣeré.

Àwòrán kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí, èyí tí ayàwòrán yà láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó wá gbé e sórí ìkànnì bíi DriveThruRPG kí ilé-iṣẹ́ tó bá wù máa ra àṣẹ láti lò ó. Idà kan náà lè wà nínú ìwé mẹ́wàá tó ń bára wọn díje, kò sì sẹ́ni tó máa bínú, nítorí wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ pé wọn ò rà á fún ara wọn nìkan. Bẹ́ẹ̀, kí ayàwòrán kan náà ta idà yẹn fún ẹni tó ní kó yà á fún òun nìkan, olè ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń sanwó ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣíṣe ìdájọ́ géèmù ni mo máa sáré sọ, torí kò ní ariyànjiyàn púpọ̀. Bí wọ́n bá pè yín kẹ́ ẹ wá bá wọn yàn nínú ìdíje bíi ENnie Awards, tí wọ́n ń fún àwọn oníwèé níbi àpéjọ Gen Con ní Amẹ́ríkà, tàbí kẹ́ ẹ kọ àyẹ̀wò nípa géèmù kan, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tàbí abánidíje rẹ̀ sì ń sanwó fún yín, ẹ sọ ọ́ síta lókè àyẹ̀wò yẹn. Bó bá jẹ́ géèmù tí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Kí ló wá yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa yín, kí ló sì yẹ kẹ́ ẹ pa mọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bá àwọn mìíràn ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ẹ ń ṣe fún àwọn yẹn. Gbólóhùn kan tó nínú lẹ́tà àkọ́kọ́: "Mo tún ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú géèmù yìí." Ẹni tó bá máa bínú, kó bínú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe jẹ́ tiwọn nìkan. Mo ti rí i nínú ìwé àdéhùn tí àwọn àbúrò kan gbé wá fún mi kà: ìlà kan ṣoṣo, lójú-ìwé ìkẹyìn, tó ní agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ géèmù kankan fún ọdún méjì. Iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún un kò ju àwòrán méjì lọ. Ìrẹ́jẹ ni, mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ ọ nínú ilé. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń san iye kan lóṣooṣù, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí, tí iye yẹn sì tó ohun tí ẹ máa pàdánù lọ́dọ̀ àwọn yòókù, àdéhùn gidi nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Láìsí ìyẹn, wọ́n ń gba òmìnira yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ pàápàá kì í kàn fọwọ́ sí irú ìlà bẹ́ẹ̀: wọ́n máa ń wò ó bóyá àkókò rẹ̀, ibi tó kàn àti irú iṣẹ́ tó dí kò ju ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ.

Ẹ má fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ wá máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ìyẹn ni ọ̀dàlẹ̀ gidi, bí ìlà náà tilẹ̀ jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹ kọ̀wé padà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n yọ ìlà náà, tàbí kí wọ́n dín in kù sí ohun tó kàn wọ́n lóòótọ́: pé ẹ ò ní ṣe ìwé lórí kókó kan náà fún ẹlòmíràn títí tiwọn á fi jáde, tàbí fún oṣù 3 lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ sọ iye tí ẹ máa gbà bí wọ́n bá ṣì ní àwọn nìkan làwọn fẹ́. Nínú àwọn tí mo bá ka ìwé wọn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló yọ ìlà yẹn lọ́jọ́ kejì láìjiyàn, torí inú ìwé àdéhùn àtijọ́ kan ni wọ́n ti dà á kọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n nípa rẹ̀ rí.